Ọmọ tí kò ké lẹ́yìn ìbí: ẹ̀rọ ìtutù kọ́ ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ rà

Nígbà tí Mínísítà ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa san owó iṣẹ́ abẹ fún àwọn aboyún aláìní tí wọn kò bá lè bímọ fúnra wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbóṣùbà fún ìjọba. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ abẹ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbèsè, aboyún mìíràn sì ti bá a lọ níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń sáré yá owó kiri. Ètò ńlá tí ìkéde náà jẹ́ apá kan rẹ̀ dojú kọ ìjọba ìbílẹ̀ 172 tí ikú àwọn aboyún ti pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ariwo ìyìn bò mọ́lẹ̀: nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ náà jáde tán, tí kò ké, tí kò mí, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò ràn án lọ́wọ́, kí ló sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún?

Àdúrà tí Yorùbá máa ń gbà fún aboyún ni pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn méjì ni àwọn baba wa tọrọ, wọn kò tọrọ ẹyọ kan. Wọ́n mọ̀ pé igbe tí ọmọ bá ké nígbà tó délé ayé kì í ṣe igbe lásán; òun ni ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí igbe náà bá pẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ikú tàbí ìyè nìkan. Ọmọ lè yè é, kí ó sì jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti fara gba ọgbẹ́ tí yóò bá a dàgbà. Àwọn ọmọ tí wọ́n pé ọdún mẹ́ta tí wọn kò lè jókòó, tí ọrùn wọn kò lè dúró, tí gìrì ń gbé ṣánlẹ̀, tí wọn kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní yàrá ìrọbí ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí nílé. Nínú ìwádìí tí Àjọ tó ń kànìyàn ní Nàìjíríà máa ń ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 157 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2008 ṣe wí. Nígbà tí yóò fi di ìwádìí ọdún 2023 sí 2024, iye náà ti wálẹ̀ sí 110. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọ̀n ẹ̀fọn àti omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ṣu ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí kò lo ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ láyé. Ní 2008, 40 ni wọ́n nínú 1,000. Ní 2013, 37. Ní 2018, 39. Nínú ìwádìí 2023 sí 2024, 41. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ojú kan náà la wà. Àwọn ọmọ tó ti ń rìn la rí gbà lọ́wọ́ ikú, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí la fi sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló sì ń pa àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí jù: kí wọ́n bí wọn láìtọ́jọ́, kí kòkòrò àrùn kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti kí afẹ́fẹ́ má tó wọn nígbà ìbí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ikú àwọn ọmọ tuntun lágbàáyé.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ọmọ inú kì í mí gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń mí. Inú ibi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lára ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìwọ́ ló sì ń gbé e dé ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ilé ọmọ bá sún kì nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi máa ń dín kù fún ìgbà díẹ̀, yóò sì padà bọ̀ sípò nígbà tí ìrora náà bá rọlẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ le lè fara dà á. Àmọ́ bí ìrọbí bá fà gùn kọjá bó ṣe yẹ, bí ibi bá ṣí kúrò kí ọmọ tó jáde, bí ìwọ́ bá yọ síwájú ọmọ tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ ìyá lẹ́nu, afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó dé ọpọlọ ọmọ kò ní í dé ibẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí ọwọ́ ènìyàn ń fà, ìyẹn ni abẹ́rẹ́ tàbí omi oògùn tí àwọn kan ń fún aboyún kí ìrọbí lè yá, láìsí ẹni tó ń wọn bí oògùn náà ṣe ń wọlé, láìsí ẹni tó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ilé ọmọ yóò máa sún kì léraléra, kò ní í sí àyè fún ẹ̀jẹ̀ láti padà sí ibi. Ọmọ ló ń jìyà ìkánjú yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọpọlọ ọmọ kì í bàjẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní University College London, ní àwọn ọdún 1980 sókè, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osmund Reynolds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì wo inú ara láti wo ọpọlọ àwọn ọmọ tí afẹ́fẹ́ wọ́n lára nígbà ìbí. Wọ́n rí i pé nígbà tí ọmọ bá padà mí, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ máa ń padà bọ̀ sípò. Dókítà yóò rò pé ewu ti kọjá. Àfi ìgbà tó bá di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, tí agbára yẹn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò máa wú, tí wọn yóò máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mélòó kan. Ó dà bí iná tí wọ́n rò pé ó ti kú nínú oko, tí ẹ̀ṣẹ́ iná sì wà lábẹ́ eérú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá padà wò ó, òun náà ni yóò jó ahéré ní òru.

Àyè tó wà láàárín iná àkọ́kọ́ àti èkejì yìí, bíi wákàtí mẹ́fà, ni àwọn onímọ̀ rí gẹ́gẹ́ bí àkókò tí a lè fi gba ọpọlọ là. Ní ìlú Auckland lórílẹ̀-èdè New Zealand, Peter Gluckman, Alistair Gunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọmọ inú àgùntàn ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá mú ọpọlọ tutù díẹ̀ ní àkókò náà, ìbàjẹ́ kejì máa ń dín kù púpọ̀. Èyí ló di ìtọ́jú fún ènìyàn. Wọn yóò tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn tí omi tutù ń yí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì mú ara rẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bíi 37 sí 33.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí mẹ́fà tó pé lẹ́yìn ìbí, ọmọ yóò wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 72, wọn yóò sì wá máa mú un gbóná padà díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2005, lára àwọn ọmọ tí wọn kò mú tutù, ìdá 62 nínú 100 ló kú tàbí tó di aláàbọ̀ ara. Lára àwọn tí wọ́n mú tutù, ìdá 44 ni. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí mọ́kànlá pọ̀ ní 2013, èyí tí ọmọ 1,505 wà nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi ìtọ́jú yìí tọ́jú ọmọ méje, ọ̀kan nínú wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ikú tàbí àbùkù ńlá tí ì bá bá a. Láti 2010 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé ìwòsàn wọn máa lò ó.

Ẹni tó bá ka èyí tán ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo yóò ní, ‘Ẹ jẹ́ kí ìjọba ra ẹ̀rọ náà wá.’ Ibí gan-an ni ó ti yẹ kí a rọra. Ohun tó dára lórí ibùsùn àwọn òyìnbó kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń dára lórí tiwa. Ní 2008, àwọn oníṣègùn láti London àti Kampala gbé ìwádìí kékeré kan jáde tí wọ́n fi ọmọ 36 ṣe ní Uganda, níbi tí wọ́n ti fi ìgò omi mú ara àwọn kan tutù. Àwọn tí wọ́n mú tutù ló kú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àwọn ọmọ náà kéré jù láti fi parí ọ̀rọ̀. Ìwádìí ńlá wá tẹ̀ lé e. HELIX ni wọ́n pè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sudhin Thayyil ti Imperial College London ló sì darí rẹ̀. Ọmọ 408 ni wọ́n lò, ní ilé ìwòsàn ńlá méje ní Íńdíà, Sri Lanka àti Bangladesh. Àwọn ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn ẹ̀yìn odi. Ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí wà níbẹ̀, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, ẹnu ya àwọn oníṣègùn. Ìtutù náà kò dín ikú àti àbùkù kù rárá. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n mú tutù, ìdá 42 nínú 100 ló kú, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 31 ni lára àwọn tí wọn kò mú tutù. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó má ṣe máa fi ìtọ́jú yìí fún ọmọ.

Kí ló fà á? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, àwọn ilé ìwòsàn kan ní South Africa sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ pé ó lágbára jù nínú àlàyé wọn ni pé ìpalára tó ń bá ọpọlọ ọmọ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò rí bákan náà pẹ̀lú ti òyìnbó. Ní London, ìjàm̀bá lè dé lójijì, kí wọ́n gbé ìyá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láìpẹ́, kí wọ́n sì mọ wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí aboyún ti ń rọbí láti àná, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí kòkòrò àrùn lè ti wà nínú omi ọmọ, ọpọlọ ọmọ lè ti máa fara gba ìyà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó bí i. Wákàtí mẹ́fà tí wọ́n ń kà lẹ́yìn ìbí ti kọjá lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú. Ta ni yóò wá sọ pé ti Nàìjíríà yàtọ̀? Àwọn aboyún wa ni wọ́n ń gbé kiri láti ilé ìgbẹ̀bí dé ilé ìwòsàn aládàáni, láti ibẹ̀ dé ti ìjọba, kí wọ́n tó rí ibùsùn.

Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá gbé ẹ̀rọ ìtutù wá sí ilé ìwòsàn lọ́la, tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, tí wọ́n ya fọ́tò, kí a máa bi í léèrè pé àbájáde ìwádìí wo ló tẹ̀ lé. Bí àwọn ilé ìwòsàn ńlá bá fẹ́ dán an wò, kí ó jẹ́ lábẹ́ ìwádìí tó lójú, tó létí, tí àwọn òbí mọ̀ sí, tí wọ́n sì fọwọ́ sí.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà tí ó ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà kan ti máa ń da omi tutù sí ọmọ tí kò ké lára, tí wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò, tí wọ́n ń gbá a nídìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ pé òyìnbó ń fi òtútù wo ọmọ kí ó wá sọ pé, ‘Ohun tí ìyá wa ń ṣe náà nìyẹn.’ Kì í ṣe òun. Ìtutù ti ilé ìwòsàn wà fún ọmọ tó ti ń mí, ẹ̀rọ sì ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Omi tutù lára ọmọ tí kò tíì mí ń gba ooru tó kù lára rẹ̀ ni, ó sì ń fi àkókò tó yẹ kí wọ́n fi fún un ní èémí ṣòfò. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ wọ́n lára nílò èémí. Gbígbá nídìí kò lè fún un.

Èyí ló gbé wa dé orí ohun tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bá bí, bíi mẹ́wàá ló nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mí dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn, kí wọ́n kàn fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n kíákíá, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn, wọn yóò ké. Àwọn tó kù, bíi mẹ́ta sí mẹ́fà nínú 100, nílò báàgì èémí, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ sí Ambu: rọ́bà kékeré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, tó ní ìbòjú tó bo imú àti ẹnu ọmọ. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ ni pé kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn ìbí, báàgì yẹn ti gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Àwọn tí ìṣòro wọn ju èyí lọ, tí wọ́n nílò oògùn tàbí ẹ̀rọ, kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Àwọn kan yóò ní, ‘Ọ́síjìn ńkọ́? Iná mànàmáná ńkọ́?’ Ìròyìn ayọ̀ ni pé báàgì èémí kò nílò iná. Ní ti ọ́síjìn, àwọn ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ola Didrik Saugstad ti Norway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láti àwọn ọdún 1990 ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ lásán tó wà nínú yàrá tó láti fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó pé oṣù. Láti 2010 ni ìlànà àgbáyé ti yí padà sí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́síjìn tó pọ̀ jù náà máa ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ọmọ sílẹ̀ láìmí nítorí pé ó ń wá ìgò ọ́síjìn. Ọ́síjìn ní ìwúlò tirẹ̀ lẹ́yìn náà, fún ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ṣe dáadáa, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò sì sọ iye tó nílò.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Tanzania, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ẹ̀kọ́ kan tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2010, èyí tó dá lórí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yìí. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 ṣe sọ, ikú àwọn ọmọ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí wọn fi ìdá 47 nínú 100 dín kù. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n kú wá láti inú náà fi ìdá 24 dín kù. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí gbólóhùn kejì yìí. Báwo ni báàgì ṣe lè jí òkú? Kò jí òkú kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan lára àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní òkú tẹ́lẹ̀ kò tíì kú. Wọn kò mí ni, ọkàn wọn ṣì ń lù díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró gbọ́ ọ. Mélòó ni irú wọn tí a ti dì sínú aṣọ nílẹ̀ yìí?

Ètò mìíràn tí wọ́n tún ṣe ní ilé ìwòsàn 30 ní Tanzania, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2025, fi ohun kan kún un. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò tó. Agbẹ̀bí tó lọ sí ẹ̀kọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó gba ìwé ẹ̀rí, yóò gbàgbé bí kò bá fi ọwọ́ ṣe é. Níbẹ̀, inú yàrá ìrọbí gan-an ni wọ́n gbé ọmọlangidi sí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ìgbà díẹ̀ dánra wò léraléra láàárín iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi èyí pọ̀ mọ́ ṣíṣọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nígbà ìrọbí, ikú àwọn ọmọ nígbà ìbí àti lẹ́yìn rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín kù.

Ibo wá ni Nàìjíríà dúró sí? Ìwádìí 2018 sọ pé nínú 100 ìbí, 39 péré ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ Yorùbá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwa náà mọ iye ilé ìgbẹ̀bí tó wà ládùúgbò wa, ti ìbílẹ̀ àti ti àwọn ìjọ. Ẹni tó bá ní kí ìjọba kàn ti gbogbo wọn pa kò mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń lọ síbẹ̀: owó rẹ̀ kò ga, wọ́n ń fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, ó sì súnmọ́lé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò. Ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà tó sì di 2014, wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè kún un, níbi tí ìjọba ti ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ní owó kí wọ́n lè máa darí àwọn aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí kò gba oúnjẹ lẹ́nu agbẹ̀bí kí ó tó ní kí ó fi aboyún sílẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi báàgì èémí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ kún un, nítorí ọmọ kì í dúró de ọkọ̀ kí ó tó jáde.

Fún ọmọ tó ti jìyà, tó wá ń mí, ìtọ́jú tó mọ́gbọ́n dání kò ju agbára ilé ìwòsàn wa lọ. Kí ara rẹ̀ má tutù jù, kí ó má sì gbóná jù, nítorí ibà ń dá kún ìbàjẹ́ ọpọlọ. Kí wọ́n máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí ọpọlọ tí ebi ń pa kò lè gbádùn. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n fún un ní oògùn phenobarbitone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n. Kí wọ́n ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kòkòrò àrùn àti ìpọ́njú ojú, nítorí ibà pọ́njú tó bá le koko náà máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti dán oògùn mìíràn wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n lo afẹ́fẹ́ xenon, ní Amẹ́ríkà wọ́n dán oògùn erythropoietin wò nínú ìwádìí tí ọmọ 500 wà nínú rẹ̀, àbájáde èyí sì jáde ní 2022. Wọ́n fi àwọn méjèèjì kún ìtutù, kò sì sí èyí tó ṣe àǹfààní tí wọ́n ń retí. Oògùn ìyanu kò tíì sí. Ẹni tó bá ń ta ọ̀kan fún òbí, kí òbí sá fún un.

Owó ńkọ́? Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, máa yọ ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Òfin ọdún 2022 sì sọ ìṣedúró ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní 2001, ní Àbújá wa níbí, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò máa ná ìdá 15 nínú 100 ìṣúná wọn lórí ìlera. A kò ṣaláìní òfin, a kò sì ṣaláìní ìlérí. Ohun tí a kò ní ni ẹni tó ń ka báàgì tó wà ní yàrá ìrọbí kọ̀ọ̀kan, tó ń béèrè ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn, tó sì ń wo ìwé àkọsílẹ̀ láti mọ iye ọmọ tí kò ké. Kọmíṣánnà ètò ìlera tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ náà sì ń bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ò lè dá wọn lẹ́bi, àmọ́ ìjọba tó jẹ́ kí agbẹ̀bí kan ṣoṣo máa gba ẹbí aboyún mẹ́rin lóru kan ni kí a dá lẹ́bi, nítorí ẹni tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá dúró kò lè di báàgì mú fún ọmọ.

Kí a tó parí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti gba ìpalára yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn ló fa àfọwọ́fà, pé wọ́n rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí wọ́n lóyún, pé ayé ló ń bá wọn jà. Àwọn ọkọ mìíràn ti tìtorí rẹ̀ kó jáde. Kí ó yé wa pé kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Afẹ́fẹ́ ló wọ́n lára ọmọ, ẹni tó yẹ kí ó fún un kò sí nítòsí, tàbí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ìyá bí yóò ṣe gbé e àti bí yóò ṣe fún un lóúnjẹ tí kò fi ní í gbà á lọ́nà ọ̀fun, yóò lè ṣe ju bí àwọn ará ilé ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé, ẹ má ṣe dúró de ìjọba nìkan. Nígbà tí ẹ bá lọ wo ibi tí yóò bímọ sí, ẹ má wo ògiri tí wọ́n kùn àti àga tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pé, ‘Ta ni yóò dúró ti ìyá, ta ni yóò dúró ti ọmọ?’ Ẹni méjì ló yẹ kí wọ́n dárúkọ. Ẹ ní kí wọ́n fi báàgì èémí hàn yín, pẹ̀lú ìbòjú tó mọ níwọ̀n ojú ọmọ tuntun. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọkàn ọmọ nígbà ìrọbí, àti ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ. Bí wọ́n bá ń bínú sí ìbéèrè yín, ìdáhùn náà nìyẹn. Ẹ wá ibòmíràn lọ kí oṣù tó pé.